Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ojúṣe Onígbàgbọ́ Nígbà Ìdìbò

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́: Àwọn Onídàájọ́ 9:1-21, 50-57

Àkọ́sórí: Jeremáyà 29:7

Ète Ẹ̀kọ́: Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè mọ̀ pé ìbò jẹ́ ohun tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ òun nítorí aládùúgbò òun, kí ó sì pinnu pé òun kò ní tà á, òun kò sì ní jẹ́ kí ó ṣòfò.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, nígbà tí àkókò ìdìbò bá ń súnmọ́ tòsí ní ilẹ̀ wa, oríṣi ìwà mẹ́ta ni a sábà máa ń rí láàrin àwọn onígbàgbọ́. Àwọn kan a máa wí pé, "Ìṣèlú dọ̀tí, ọmọ Ọlọ́run kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án." Àwọn mìíràn a ní, "Bí mo dìbò, bí n kò dìbò, ẹni tí wọ́n ti mú sílẹ̀ náà ni yóò wọlé." Àwọn ẹ̀kẹta kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tiwọn, wọ́n ń retí ẹni tí yóò mú nǹkan wá sí ojúlé wọn kí ọjọ́ ìdìbò tó pé.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí a dìbò yan Ààrẹ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, orúkọ àwọn ènìyàn tí ó wà nínú ìwé àjọ elétò ìdìbò, INEC, lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ó dìbò lọ́jọ́ náà kò tó mílíọ̀nù 26. Nínú ẹni mẹ́rin tí ó forúkọ sílẹ̀, bí ẹnì kan péré ni ó dìbò. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó kù ni ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sílé. Àìsàn, ìrìnàjò, ìbẹ̀rù àwọn jàǹdùkú, àti káàdì tí kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ dá àwọn mìíràn dúró. Ṣùgbọ́n a mọ̀ nínú ọkàn wa pé ọ̀pọ̀ ni kò sí ohun tí ó dá wọn dúró bí kò ṣe pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa nípa rẹ̀.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Bí Ábímélékì ṣe dé orí oyè (Àwọn Onídàájọ́ 9:1-6)

Nígbà tí Gídéónì wà láàyè, àwọn ènìyàn Ísírẹ́lì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa ṣe àkóso wọn, ó sì kọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ábímélékì, ọmọ tí obìnrin ará Ṣékémù bí fún un, tọ àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ lọ. Ó rán wọn létí pé ẹran ara wọn ni òun. Bí a bá sọ ọ́ ní ọ̀nà tiwa, ohun tí ó wí ni pé, "Ọmọ yín ni mí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn nínú. Wọn kò béèrè bí ó bá mọ iṣẹ́ náà, wọn kò sì béèrè bí ó bá bẹ̀rù Ọlọ́run. Wọ́n ní arákùnrin àwọn ni, ó parí.

Lẹ́yìn èyí ni owó wọ̀ ọ́. Àwọn ará Ṣékémù mú àádọ́rin owó fàdákà láti inú ilé òrìṣà Báálì-Bérítì, wọ́n kó o fún un. Kí ni ó fi owó náà ṣe? Ó fi gba àwọn ènìyàn lásán, àwọn aláìníláárí, kí wọ́n máa tẹ̀lé e. Pẹ̀lú wọn ni ó lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ófírà, ó sì pa àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ lórí òkúta kan ṣoṣo. Jótámù, àbíkẹ́yìn wọn, nìkan ni ó ráyè sá pamọ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin ará. Àádọ́rin owó fàdákà, àádọ́rin ọmọ Gídéónì. Owó kan fún ẹ̀mí kan.

Ohun mẹ́ta ni ó gbé Ábímélékì dé ipò: ọ̀rọ̀ ẹbí, owó, àti jàǹdùkú. Nígbà náà, àwọn ará ìlú ni ó fún ẹni tí ó ń wá oyè lówó. Lóde òní, ẹni tí ó ń wá ipò ni ó ń fún ará ìlú. Ibi yòówù kí owó náà ti wá, èso kan náà ni ó ń so. Àwọn àgbàlagbà tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1965 kò ní láti lọ sí Ṣékémù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹwàá ọdún náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èrú ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n da epo bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, wọ́n sì ṣáná sí i. Orúkọ tí ayé pè é nígbà náà ni "wẹ́tíẹ̀." Nígbà tí ó fi di oṣù kìíní ọdún 1966, àwọn ológun ti gba ìjọba.

2. Àwọn igi tí ó kọ̀, àti ẹ̀gún tí ó gbà (Àwọn Onídàájọ́ 9:7-15)

Jótámù gun orí òkè Gérísímù, ó sì pa òwe kan fún àwọn ará ìlú. Àwọn igi ń wá ọba. Wọ́n lọ bá igi ólífì, ó ní òun kò lè fi òróró òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ní òun kò lè fi adùn òun sílẹ̀. Wọ́n lọ bá àjàrà, òun náà kò lè fi wáìnì rẹ̀ sílẹ̀. Níkẹyìn wọ́n lọ bá ẹ̀gún. Ẹ̀gún kò ní òróró, kò ní adùn, kò ní ohunkóhun tí yóò fi sílẹ̀. Ó gbà lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá sá sí abẹ́ òjìji òun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná yóò ti ara òun jáde, yóò sì jó àwọn igi kédárì Lẹ́bánónì run. Òjìji wo ni ẹ̀gún ní?

Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ tí àwọn igi mẹ́ta àkọ́kọ́ ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ búburú. Òróró wúlò, èso dára, wáìnì ń mú inú dùn. Iṣẹ́ rere ni ó dí wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹnì kan ní oko, ẹnì kan ní ìsọ̀, ẹnì kan ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin lórin. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n àga ìjọba kì í ṣófo. Bí àwọn tí ó ní èso bá ní ọwọ́ àwọn dí, ẹ̀gún ni yóò gun orí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wa ni Ọlọ́run pè láti du ipò. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè du ipò lè yan ẹni tí yóò wà níbẹ̀. Àwọn igi tí ó ń wá ọba náà sì ní ẹ̀bi tiwọn. Nígbà tí ẹni rere mẹ́ta kọ̀ fún wọn, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì mú ẹni tí wọ́n rí. Jíjókòó sílé kò dára. Yíyan ẹnikẹ́ni láìronú kò sì sàn jù ú lọ.

3. Ìbò ẹnì kan, iná gbogbo ìlú (Àwọn Onídàájọ́ 9:16-21, 50-57)

Ọdún mẹ́ta ni Ábímélékì fi ṣe àkóso kí ìjà tó dé láàrin òun àti àwọn tí ó yàn án. Ó wó Ṣékémù, ó sì gbin iyọ̀ sí i. Ó dá iná sí ilé ìṣọ́ wọn, ó sì tó ẹgbẹ̀rún ènìyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó kú sínú iná náà. Ṣé gbogbo wọn ni ó jókòó níbi tí wọ́n ti ka owó fàdákà náà? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí kò bá wọn dá sí i. Iná kò bi wọ́n léèrè.

Ìdí nìyí tí ìbò kì í fi í ṣe ohun ìní ẹnì kan tí ó lè ṣe bí ó ti wù ú. Àwọn bàbá wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ó ta ìbò rẹ̀ kò ta tirẹ̀ nìkan. Ó ta oògùn tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìwòsàn fún aboyún àdúgbò rẹ̀. Ó ta owó oṣù olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Nítorí náà ni a fi ń wí pé ìbò jẹ́ ohun ìfisọ́wọ́. Ọlọ́run ni ó fi í sí wa lọ́wọ́, nítorí aládùúgbò wa sì ni.

ÌBÒ KÒ DÉ ỌWỌ́ WA LỌ́FẸ̀Ẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ òde òní lè rò pé bí ayé ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan àwọn aṣòfin ní ilẹ̀ yìí ní ọdún 1923, Èkó àti Calabar nìkan ni wọ́n ti dì í. Ọkùnrin nìkan ni ó sì lè dìbò, àní ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó £100. Àgbẹ̀ kò sí níbẹ̀, aláṣọ híhun kò sí níbẹ̀, obìnrin kankan kò sí níbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, láàrin ọdún 1947 sí 1949, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe aṣáájú wọn, dìde nítorí pé wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹnu nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà kan ní ọdún 1949. Nígbà ìdìbò gbogbogbòò ti ọdún 1959, àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn dìbò. Àwọn obìnrin Òkè Ọya kò rí àyè dìbò yan ìjọba orílẹ̀-èdè títí di ọdún 1979. Lónìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí ó sì forúkọ sílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ kan náà, ìbáà ṣe ọlọ́rọ̀ tàbí akúṣẹ̀ẹ́. Ohun tí àwọn ìyá wa ń wá kiri, kò yẹ kí a fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Àwa Onítẹ̀bọmi pàápàá kò ní àwáwí. Nínú ìjọ wa, ìpàdé àwọn ọmọ ìjọ ni ó ń pe pásítọ̀, òun ni ó ń yan díákónì, ìbò ìyá àgbà tí kò mọ̀wé sì dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń gbàdúrà kí ó tó na ọwọ́ sókè nínú ìpàdé ìjọ, báwo ni yóò ṣe sọ pé òun kò mọ ohun tí ìbò jẹ́?

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe da ìjọ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú. Thomas Helwys, ọ̀kan nínú àwọn Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé ní ọdún 1612 pé ọba kò ní àṣẹ lórí ẹ̀rí ọkàn ènìyàn níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀wọ̀n ni ó kú sí. Bí ọba kò bá ní àṣẹ lórí ẹ̀rí ọkàn ọmọ ìjọ, pásítọ̀ pàápàá kò ní in. Ẹni tí ó bá dúró lórí àga ìwàásù láti dárúkọ ẹgbẹ́ tí ìjọ yóò dìbò fún ti kọjá àyè rẹ̀. Ojúṣe ìjọ ni láti kọ́ wa bí a ó ti yàn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wa ni yóò yàn níwájú Ọlọ́run.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN ÀWÁWÍ MẸ́TA

"Ìṣèlú dọ̀tí." Pọ́ọ̀lù kò tijú pé òun jẹ́ ọmọ ìlú Róòmù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án láìṣẹjọ́, ó sọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ jáde (Ìṣe àwọn Àpósítélì 22:25-29). Jósẹ́fù àti Dáníẹ́lì ṣiṣẹ́ nínú ààfin àwọn kèfèrí, wọn kò sì bá wọn sọ ìwà wọn nù. Ilé tí ó dọ̀tí ni a ń gbá. A kì í torí ìdọ̀tí sọ ìgbálẹ̀ nù.

"Ìbò mi kò já mọ́ nǹkan." Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka ìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìbò 353 péré ni ó wà láàrin àwọn méjì tí ó ṣáájú, nínú ìbò tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta. Ìjọ púpọ̀ wà tí àwọn ọmọ ìjọ inú rẹ̀ ju 353 lọ. Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ṣebí a dìbò ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1993, tí àwọn ológun sì fagi lé e." Òótọ́ ni, ìrora rẹ̀ kò sì kéré. Síbẹ̀, ìbò tí a fagi lé náà kò kú. Ní ọdún 2018, ìjọba kéde pé ọjọ́ náà ni a ó máa ṣe àjọ̀dún ìjọba àwa-ara-wa. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ rántí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ri tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ (Mátíù 25:24-30). Kò jalè, kò fi owó náà ṣòfò. Ohun tí ó ṣe kò ju pé kò ṣe nǹkan kan lọ. Olúwa rẹ̀ kò bi í bí ọjà ti rí. Ohun tí ó fi lé e lọ́wọ́ ni ó bi í.

"Ebi ń pa mí." Èyí ni ó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn tí ń ra ìbò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé ìrẹsì àti owó wá ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò, tí wọn kì í gbé e wá ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní ọdún 2018, gbólóhùn kan tàn ká ilẹ̀ wa: "Dìbò kóo sebẹ̀." Ísọ̀ ti jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ebi pa á lóòótọ́, ọbẹ̀ náà sì dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dìde lórí ìjókòó, ogún ìbí rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn (Jẹ́nẹ́sísì 25:29-34).

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó. Bí wọ́n bá fún ènìyàn ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, tí ẹni náà sì lo ọdún mẹ́rin lórí àga, ọjọ́ 1,461 nìyẹn. Owó náà kò tó náírà mẹ́rin lójúmọ́. Kí ni náírà mẹ́rin lè rà lọ́jà lónìí?

Àwọn kan ní, "Gba owó wọn, kí o sì dìbò fún ẹni tí ó wù ọ́." Èyí kò yẹ onígbàgbọ́. Ẹni tí ó ṣe ìlérí tí kò ní í mú ṣẹ ti purọ́; ẹni tí ó sì mú un ṣẹ ti ta aládùúgbò rẹ̀. Ohun tí ó dára jù ni kí a má gbà á rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbà á, kí ó dá a padà. Bí wọ́n bá ti mú un búra, kí ó rántí Hẹ́rọ́dù, ẹni tí ìbúra rẹ̀ mú kí ó bẹ́ orí Jòhánù (Máàkù 6:26-28). Kí a ronú pìwàdà kúrò nínú ìbúra búburú sàn ju kí a fi iṣẹ́ ibi mú un ṣẹ. Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú ka ẹni tí ó ra ìbò àti ẹni tí ó tà á sí arúfin.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọ pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọ Jerúsálẹ́mù kọ́kọ́ yan ènìyàn méje sí iṣẹ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àwọn opó ni ó fà á (Ìṣe àwọn Àpósítélì 6:1-6). Ìjọ tí ó ń kọ́ opó pé kí ó má ta ìbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá opó náà ti jẹun. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá mọ ilé rẹ̀, tí díákónì kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi kì í ṣe ti opó nìkan.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌGBÉSÍ AYÉ WA

Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa forúkọ sílẹ̀ nígbà tí àkókò bá tó, kí ó sì gba káàdì ìdìbò alálòpẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ó má ṣe fi í dógò, kí ó má sì fi í fún ẹnikẹ́ni tọ́jú.

Kí a wádìí àwọn tí ń du ipò pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí Jẹ́tírò fi lé Mósè lọ́wọ́: ẹni tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́run, tí ó jẹ́ olóòótọ́, tí ó sì kórìíra ojúkòkòrò (Ẹ́kísódù 18:21). Kò sí "ọmọ wa ni" nínú rẹ̀.

Kí a tètè lọ ní ọjọ́ ìdìbò. Kí a tẹ ìka sí ojú àyè ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí a sì ká ìwé náà dáadáa kí yíǹkì má bàa ràn sí ibòmíràn. Kí a má ṣe ya fọ́tò rẹ̀ láti fi han ẹnikẹ́ni. Àwọn olùra ìbò ni ó ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Kí àwọn òbí sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin wọn kí ẹnikẹ́ni má fi owó gbà wọ́n bí Ábímélékì ti ṣe.

Lẹ́yìn ìdìbò, kí a gbàdúrà fún ẹni tí ó bá wọlé, ìbáà ṣe ẹni tí a yàn tàbí òmíràn (1 Tímótì 2:1-2). Kí a sì máa béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ohun mẹ́ta tí ó gbé Ábímélékì dé orí oyè? Èwo ni ó wọ́pọ̀ jù ní àdúgbò wa?
2. Kí nìdí tí àwọn igi rere mẹ́ta fi kọ̀? Ǹjẹ́ iṣẹ́ rere kan wà tí a fi ń ṣe àwáwí?
3. Arábìnrin kan nínú ìjọ ti gba owó ìbò nítorí pé ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kí ni kí ó ṣe? Kí ni kí ìjọ ṣe?
4. Orúkọ àwọn opó mélòó nínú ìjọ wa ni kíláàsì yìí mọ̀?

ÀDÚRÀ

Olúwa, Ìwọ tí ó ni ìjọba gbogbo ayé, dárí jì wá níbi tí a ti sùn nígbà tí ó yẹ kí a jí. Pa ọwọ́ wa mọ́ kúrò nínú owó ẹ̀jẹ̀. Fún àwọn tí ebi ń pa ní oúnjẹ láti ọwọ́ àwa ará wọn. Fún wa ní ọgbọ́n láti yàn, kí ìlú wa lè ní àlàáfíà, kí àwa náà sì ní àlàáfíà nínú rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́

Ọjọ́ Ajé: Àwọn Onídàájọ́ 8:22-35
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Àwọn Onídàájọ́ 9:1-21
Ọjọ́rú: Àwọn Onídàájọ́ 9:50-57
Ọjọ́bọ̀: Ẹ́kísódù 18:13-26
Ọjọ́ Ẹtì: Ìṣe àwọn Àpósítélì 6:1-7
Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Jeremáyà 29:4-7
Ọjọ́ Ìsinmi: Róòmù 13:1-10